Lọ́rì 911 kan wà lábẹ́ igi máńgòrò ní Kàbbà: ẹ wá fi ìmọ̀ yín ràn mí lọ́wọ́

Mẹkáníìkì Kàbbà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ló ránṣẹ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lọ́rì Mercedes 911 tí ọkọ wọn fi kó iṣu fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ṣaláìsí ṣì wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi máńgòrò. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹnikẹ́ni ti ṣí i kẹ́yìn. Ewé ti dí ojú rédíétọ̀, eku ti jẹ wáyà, adìyẹ ń yé sórí ìjókòó awakọ̀. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wá lẹ́ẹ̀mejì, màmá ò gbà. Wọ́n ní kí n bá àwọn tún un ṣe kó lè máa kó iṣu àti kaṣú, kí owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ọmọ wọn lè máa tibẹ̀ jáde.

Mo gbà á, torí pé orí irú ẹ́ńjìnnì yìí ni mo ti kọ́ṣẹ́ n'Ílọrin lọ́dún 1984. OM352 lorúkọ tí àwọn ará Jámánì sọ ọ́: sílíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, lítà 5.7. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan sípánà kó tó mọ̀ ọ́n gbọ́. Wọ́n á ní kí n fi ẹnu sùkùrùdíráfà gígùn kan ara ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, kí n fi etí lé ìdí rẹ̀, kí n sọ ohun tí mo gbọ́. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń dáhùn pé, "Ọ̀gá, ariwo ni." Lọ́jọ́ tí mo sọ pé, "Ọ̀gá, sílíńdà kẹta ń kan nǹkan," wọ́n kó sípánà 17 àti 19 lé mi lọ́wọ́. Sípánà 19 yẹn ṣì wà nínú àpótí mi títí dòní.

Ohun méjì ni mo ń béèrè. Àkọ́kọ́, kí lẹ máa ṣe kẹ́ ẹ tó yí ẹ́ńjìnnì tó ti sùn tó báyìí? Èkejì, ẹ jẹ́ ká kó ọgbọ́n àbùjá tá a mọ̀ jọ síbí, èyí tó ń gbé ọkọ̀ délé àti èyí tó ń sin èèyàn. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́ta wà lọ́dọ̀ mi. Mo rí i pé ohun tí wọ́n bá rí táwọn èèyàn ń ṣe lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ń gbà pé iṣẹ́ ni, ó sì ń kó ìdààmú bá mi.

Mẹkáníìkì Ìsánlú

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kun o. Ẹ má tíì gbé bátìrì dé ibẹ̀ rárá. Ríngì písítìn, ìyẹn òrùka tó yí irin tó ń lọ sókè lọ sódò nínú sílíńdà ká, lè ti lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà látìgbà yẹn. Tí sítátà bá fipá yí i, ríngì lè ṣẹ́, àtúnṣe kékeré á wá di ńlá.

Ẹ tú nósù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àwọn ohun tó ń fín epo sínú sílíńdà, ẹ po ọ́ìlì mọ́ karosíìnì, ẹ da díẹ̀ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà ọlọ́wọ́ gígùn yí i láti iwájú, lórí nọ́ọ̀tì púlì. Tó bá ń kọ́, ẹ má fipá mú un, ẹ tún da òróró sí i. Ìgbà tó bá yí po lẹ́ẹ̀mejì láìkọ́ lọkàn yín tó lè balẹ̀.

Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ jáde sínú abọ́ funfun. Tó bá rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti bá a pàdé; ẹ ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ẹ wo tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó sórí ohunkóhun mìíràn. Dísẹ́ẹ̀lì tó wà nínú táńkì náà, ẹ má ro tirẹ̀ mọ́. Ẹ dà á nù, ẹ fọ táńkì, ẹ pààrọ̀ fílítà.

Lẹ́yìn èyí lọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ń bọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ti ń fi bátìrì ṣòfò. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú páìpù dísẹ́ẹ̀lì kì í jẹ́ kí epo dé nósù. Ẹ tú sùkúrù kékeré orí fílítà, kí ẹnì kan máa tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà lára pọ́ǹpù Bosch. Ìfófòó ló máa kọ́kọ́ jáde. Tí epo bá wá ń ṣàn gbọọrọ láìsí ìfófòó, ẹ dì í nígbà tó ṣì ń ṣàn. Ẹ wá tú nọ́ọ̀tì páìpù lórí nósù kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ yí sítátà, ẹ máa dì wọ́n bí epo bá ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ọwọ́ sí ibi tí nósù ti ń tú epo o. Agbára tó fi ń jáde pọ̀ débi pé ó ń la awọ ara kọjá. Ojú ọgbẹ́ náà lè má ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, síbẹ̀ kéèyàn sáré lọ sí ọsibítù ni.

Ní ti tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wíwọn àlàfo tó wà lórí fáàfù, ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà: ìtò iná rẹ̀, bí sílíńdà ṣe ń gbiná tẹ̀ léra, ni 1-5-3-6-2-4. Písítìn 1 àti 6 jọ ń gòkè jọ ń sọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni 5 àti 2, àti 3 àti 4. Ẹ wo fáàfù méjèèjì tó wà lórí sílíńdà 6. Nígbà tí ọ̀kan bá ń padé, tí èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, fáàfù 1 ti sinmi. Òun ni kẹ́ ẹ wọ̀n. Ẹ tẹ̀ lé ìtò náà, kẹ́ ẹ máa wo fáàfù ọ̀kan nínú méjì tó jọ ń gòkè láti mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa wọn ti èkejì rẹ̀. Ẹ ò nílò àmì kankan lára púlì.

Awakọ̀ Ẹ̀gbẹ̀

Mo kí gbogbo yín. Mo wa 911 fún ọdún mọ́kànlélógún, láti Ẹ̀gbẹ̀ sí Ìlọrin, láti Ìsánlú sí Èkó. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé.

Àbùjá tó gbà mí jù lọ ni ọṣẹ. Ọṣẹ líle tí a fi ń fọṣọ, mi ò rìnrìn àjò láìní odidi kan nínú kẹ̀bíìnì. Tí òkúta bá lu táńkì epo, nu ojú ibẹ̀ gbẹ, kó o wá máa fi ọṣẹ ra á títí yóò fi há sínú ihò náà. Omi ló ń yọ́ ọṣẹ, dísẹ́ẹ̀lì kì í yọ́ ọ. Mo fi ọṣẹ wa ọkọ̀ láti ìtòsí Ọmù-Àrán dé Ẹ̀gbẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ẹ̀kán kan ò kán sílẹ̀.

Èkejì ni tíúbù táyà àtijọ́. Ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ká a jọ sábẹ́ ìjókòó. Tí họ́ọ̀sì rédíétọ̀ bá bẹ́, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, fà á le dáadáa bó o ṣe ń wé e, ìlọ́po lórí ìlọ́po. Tó o bá ń dé ìdérí rédíétọ̀ padà, má dì í dé ìparí; dá a dúró ní ìpele àkọ́kọ́, kí agbára ooru má bàa tún fọ́ ohun tó o wé. Kó o wá rọra máa lọ, kó o máa dúró bu omi.

Ẹ̀kẹta yìí, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ yín. Àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ tó ń kó ẹrù gba àwọn òkè wa yìí, wọ́n ń yọ ọkọ̀ sí fírì tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú dísẹ́ẹ̀lì. Jíà ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bá ọ di ọkọ̀ mú. Tó o bá ti yọ ọ́, bíréèkì nìkan ló kù, bíréèkì tó bá sì gbóná jù kì í di nǹkan mú mọ́, bó ti wù kó o tẹ̀ ẹ́ tó. Jíà tó o lè fi gun òkè náà ni kó o fi sọ̀ ọ́. Èèyàn mẹ́rin tí mo mọ̀ ló ti bá irú ìyẹn lọ.

Ìyá Oníṣu Mọpá

Ẹ kú ọgbọ́n o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ sípánà, àmọ́ èmi ni mo máa ń sanwó ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ọdún kan, mo háyà lọ́rì kan láti kó iṣu lọ sí Lọ́kọ́jà. Páìpù bíréèkì táyà ẹ̀yìn kan ti bẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Dípò kí wọ́n ra òmíràn, wọ́n fi òòlù tẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n ká ẹnu rẹ̀ padà, wọ́n ní táyà yòókù á gbé e. Mo rí ibi tó tutù lábẹ́ ọkọ̀, mo béèrè. Wọ́n ní, "Màmá, ó ti pẹ́ tá a ti ń lò ó báyìí." Mo dákẹ́. Nígbà tí màlúù yọ sójú ọ̀nà, tí dẹ́rẹ́bà sì tẹ bíréèkì, ọkọ̀ náà fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó lọ sínú kòtò. Ẹsẹ̀ mótò-bọ́ì ṣẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Iṣu tó bá ti ha, kì í pẹ́ kó tó jẹrà, n kò rí ìdajì owó mi. Iṣu kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo rí i, mo sì dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó jẹ́ kí wọ́n di iṣu kan, màá ní kí dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì kó sì dì í mú, èmi á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Tí mo bá rí ohun tó tutù, wọn ò ní gbé ẹrù mi. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ń ṣòwò, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ wò ó, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Mo tún fẹ́ bi yín: báwo lẹrù tí 911 yẹ kó gbé ṣe pọ̀ tó? Torí ohun tí wọ́n ń dì síbẹ̀ nígbà míì ń dẹ́rù bà mí.

Mẹkáníìkì Kàbbà

Màmá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sókè fáwọn ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sí àbùjá lórí bíréèkì. Tí páìpù bíréèkì bá bẹ́, kí wọ́n wá fa ọkọ̀ náà lọ sílé, tàbí kí ẹnì kan gun ọ̀kadà lọ ra páìpù wá.

Ẹrù tẹ́ ẹ béèrè, orúkọ rẹ̀ ló sọ ọ́. 9 tó ṣáájú ni tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, 11 tó tẹ̀ lé e ni agbára ẹṣin 110. Tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án yẹn kì í ṣe ẹrù nìkan o. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, bọ́dì pákó, epo, dẹ́rẹ́bà àti mótò-bọ́ì, gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ẹrù ò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ, ìyẹn ọgọ́rùn-ún àpò sìmẹ́ńtì oníkílò 50. Bí wọ́n bá fi sípíríńgì kún sípíríńgì, sípíríńgì lè gbé e lóòótọ́, àmọ́ bíréèkì tí wọ́n ṣe fún tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án ṣì ni bíréèkì náà.

Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìyàrá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo wà lọ́dún kejì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí dísẹ́ẹ̀lì ò ní pùlọ́ọ̀gì? Kí ló sì dé tí ẹ́ńjìnnì kan fi ń ṣòro yí láàárọ̀ ọyẹ́? Àwọn kan níbi tá a wà máa ń da bẹntiróòlù sẹ́nu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́. Wọ́n tún ní kí n yọ tàmósítáàtì ọkọ̀ kan dà nù torí ó ń gbóná.

Mẹkáníìkì Ìsánlú

Àbúrò, ìbéèrè gidi lo béèrè. Nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, iná pùlọ́ọ̀gì ló ń tan epo. Nínú dísẹ́ẹ̀lì, afẹ́fẹ́ ni písítìn ń fún pọ̀ títí á fi gbóná débi pé bí epo bá ti bá a pàdé, ó gbiná fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ará Jámánì, ló ṣe àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dún 1897, orúkọ rẹ̀ la ṣì ń pè. Wá wò ó báyìí: tí ríngì bá ti jẹ, afẹ́fẹ́ ń yọ́ jáde, ooru ò ní tó. Àárọ̀ ọyẹ́ tún tutù, ó wá di wàhálà. Ohun tí ẹ́ńjìnnì yẹn ń sọ fún yín ni pé ríngì tàbí fáàfù òun ti jẹ, tàbí pé bátìrì ò yí òun kánkán tó. Bẹntiróòlù máa ń gbiná kí àkókò tó tó, ó ń lu písítìn bí ẹni lu páànù. Ó lè fọ́ ọ. Má ṣe é, bó bá jẹ́ ọ̀gá rẹ ló ní kó o ṣe é, fi ọ̀wọ̀ sọ fún un.

Tàmósítáàtì, ó ń dùn mí pé a ti sọ ọ́ di àṣà láti yọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ kíákíá. Tó o bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ nínú òtútù, á máa jẹ epo, á sì tètè gbó. Lára ẹ́ńjìnnì míì, òun ló tún ń dí ọ̀nà kékeré tí omi ì bá gbà yẹ rédíétọ̀ sílẹ̀. Bó o bá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbóná á tún gbóná sí i. Sọ ọ́ sínú omi gbígbóná nínú ìkòkò. Tó bá ṣí, ó dáa, kó o lọ wo rédíétọ̀ àti bẹ́líìtì fáànù. Tí kò bá ṣí, ra òmíràn.

Fọganáísà Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Kàbbà, táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ọkọ̀ yẹn, ẹ má lò wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín wọn ṣì ga. Ẹ wo àárín eyín náà, ẹ máa rí i tó ti là wẹ́wẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń ra òmíràn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ìkẹyìn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 lọ́dún 2019. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ti dàgbà ju ọmọ tó ń tà á lọ.

Rímù àtijọ́ yẹn ní ríngì tó ń há táyà mọ́lẹ̀. Tí ìpẹtà bá wà níbi tó jókòó sí, ó lè fò nígbà tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ ẹ, ọmọkùnrin kan tá a jọ kọ́ṣẹ́ ni ojú rẹ̀ kan lọ báyẹn. Ẹ ha ìpẹtà kúrò. Ẹ fi ṣéènì yí táyà àti rímù pọ̀, ẹ lo họ́ọ̀sì gígùn, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má dojú kọ ọ́. Nọ́ọ̀tì táyà, ẹ dì í ní ìdojúkọra, kì í ṣe yípo. Tẹ́ ẹ bá ti rìn tó Kàbbà sí Lọ́kọ́jà, ẹ dúró kẹ́ ẹ tún un dì.

Ríwáyà Ọ̀dọ̀-Ẹrẹ̀

Wáyà tí eku ti jẹ, ẹ tú gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rá wé e. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi wáyà bàbà dí ojú fíúùsì, iná ló fẹ́ dá sí ọkọ̀ màmá. Bátìrì: ẹ kọ́kọ́ yọ orí tó lọ sí bọ́dì, òun náà lẹ máa dì kẹ́yìn, kí sípánà má baà ta iná. Màá bá yín wá ṣe é tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, mi ò gba ju owó wáyà lọ.

Ajórin Kàbbà

Ọ̀rọ̀ táńkì ni tèmi. Ọṣẹ tí bàbá Ẹ̀gbẹ̀ sọ dára, àmọ́ bẹ́ ẹ bá délé, kí ajórin tó jó o, kò tó pé kò sí epo nínú rẹ̀ mọ́. Òórùn epo tó kù nínú táńkì tó ṣófo ló ń bú gbàù, ó burú ju táńkì tó kún lọ. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ṣí gbogbo ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ bu omi kún un títí kó fi kù díẹ̀ kó dé ibi tí a fẹ́ jó. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, ẹnì kan kánjú torí oníbàárà dúró tì í. Orí òrùlé la ti rí ìdérí táńkì náà. Mi ò jẹ́ kí oníbàárà dúró tì mí mọ́.

Mẹkáníìkì Kàbbà

Ọ̀kun o. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo jẹ yín ní ìròyìn.

Ọjọ́ mẹ́rin ni òróró fi wà nínú sílíńdà kí ẹ́ńjìnnì tó yí. Ọ́ìlì rẹ̀ dúdú, kò ní omi. A fọ táńkì, a yọ afẹ́fẹ́ bí Ìsánlú ṣe sọ, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó kéré jù ló tẹ pọ́ǹpù ọwọ́. Ìgbà kẹta tá a yí sítátà, ó húkọ́, ó tu èéfín funfun bo gbogbo àgbàlá, ó dìde. Èéfín náà ò lọ tán, ó sì ń mì tìtì. Mo bá ń tú nọ́ọ̀tì nósù lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tó ń ṣiṣẹ́: 1, ohùn rẹ̀ yí padà, 2, ó yí padà, 3, ó yí padà, 4, bákan náà ló ṣe ń dún, bíi pé n kò tú nǹkan kan. A yọ nósù 4, ó ti há. A pààrọ̀ rẹ̀, èéfín dá, ó wá ń dún bí èyí tí ọ̀gá mi fi kọ́ mi. Mo ní káwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi sùkùrùdíráfà gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bíréèkì, gbogbo rọ́bà àti páìpù rẹ̀ la pààrọ̀, a ò fi ọ̀kan sílẹ̀. Màmá Mọpá, ẹ lè wá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Táyà ṣì kù méjì. Mo ń wá ọwọ́ ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, ẹni tó bá rí irú rẹ̀ kó sọ níbí.

Màmá jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì dìde, wọ́n gbé ọwọ́ lé orí mọ́dígáàdì, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní kí n fọn fèrè rẹ̀ fáwọn. Ọkọ wọn máa ń fọn ọ́n láti ìyànà kó tó délé kí wọ́n lè gbé omi kaná. Fèrè náà ò dún. Ríwáyà Ọ̀dọ̀-Ẹrẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, tó bá lè jẹ́ Sátidé yìí lẹ máa dé, owó wáyà ti wà nílẹ̀, fèrè ni ká sì kọ́kọ́ ṣe kí a tó kan iná iwájú.